Ìkíni Tí Wọ́n Gé Dànù

Kì í ṣe pé wọ́n gé fíìmù mi ló ń bí mi nínú. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń darí fíìmù nípa ìgbésí ayé àwọn ènìyàn gidi ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Kútọnu, wọn ò sì yéé gé e. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n sọ ìyá arúgbó kan di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Kpingni ni ìyá náà ń gbé, kò jìnnà sí Dassa tí wọ́n ti bí mi. Orí àpáta ló ti ń sá gbodo, iṣu gbígbẹ tí a fi ń ṣe èlùbọ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú àpáta tirẹ̀. Kò sí ààlà tí ẹnikẹ́ni fà, ṣùgbọ́n ọmọdé pàápàá mọ ibi tí tiwọn parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ á kọ́kọ́ kí àwọn òkú tó ti sá gbodo níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, á kí aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì, á sì dúró gba ìdáhùn. Bí o bá fo ìyẹn, ohun tí o ń sọ ni pé ìwọ nìkan lo ni òkè.

Nígbà tí mo lọ ya fíìmù ìyá lórí àpáta, ó kí wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, mo sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú fíìmù náà. Mo rin ìrìn àjò. Kí n tó dé, wọ́n ti gé e, wọ́n ti gbé e sáfẹ́fẹ́. Wọn ò pè mí, orúkọ mi ló sì wà ní ìparí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí gbogbo Kpingni gbọ́ lẹ́nu ìyá ni: "Ibi tí mo jókòó sí yìí, ti ìdílé ọkọ mi ni."

Ìyá pè mí lórí fóònù. "Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún ọ? Aya ilé ọ̀tún ti kó gbodo rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó ní mo ti di ìjòyè orí tẹlifíṣọ̀n."

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà wa.

"Madame, c'est trop long, ó ti gùn jù," ni ó wí. "Ta ló fẹ́ wo ẹni tó ń kí òkúta?"

"Ènìyàn ló ń kí, ọ̀gá."

"Àwọn ènìyàn náà dà? N kò rí wọn."

"Ẹ gé ìdáhùn wọn náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta pé kí wọ́n tún odindi fíìmù náà gbé jáde. Èkíní, wọn ò dáhùn. Èkejì, gbólóhùn kan péré. Ní ti ẹ̀kẹta, wọ́n fèsì pé n kò mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́.

Mo bá mú ẹ̀dà tí wọn ò tíì gé, mo yá gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Kpingni ní ọ̀sán kan, a fi aṣọ dí fèrèsé, mo sì tan àwòrán náà sára ògiri. Aya ilé ọ̀tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa díẹ̀.

Lára ògiri, ìyá kí àwọn tó ti kú. Ó ní, "Aya ilé ọ̀tún, mo kí ọ o." Ó ń dúró gba ìdáhùn.

Kí ohùn obìnrin náà inú fíìmù tó dáhùn, mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà: "Mo jẹ́ ẹ o, ìyá. Ṣé oòrùn ò mú yín jù?"

Ni gbogbo wọn bá ń dáhùn, ìkíni kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí ìyá wá dé orí ọ̀rọ̀ ìdílé ọkọ rẹ̀, obìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn pariwo: "A ti gbọ́, tiyín ni! Ṣé kí a máa kúnlẹ̀ kí a tó kọjá ni?" Ẹ̀rín ta. Ìyá alára rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbodo ilé ọ̀tún ti padà sáàyè rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ní kí n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ nítorí ohun ìní wọn tí mo mú jáde. Mo kọ ọ́ pé: "Mo mú un jáde, mo sì tún máa mú un. Ìyá náà ni kí ẹ lọ bẹ̀."

Wọ́n gba ipò mi, wọ́n sì rán mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fíìmù àtijọ́ sí. Wọ́n rò pé ìyà ni. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ohun tí wọ́n ti gé wà. Mo ti ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ orúkọ ìlú tí mo máa kó kọ̀ọ̀kan padà sí.