Orí Kan Ṣoṣo ni Ẹ̀rọ Kà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ilé-ìkàwé. Ó ti pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì tán nínú mi. Ṣé gbogbo nǹkan ló yẹ kéèyàn gbàgbé ni?

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 2010 ni. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀ka ilé-ìkàwé wa ní Àjégúnlẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan péré ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ọ̀gá wa wá sọ pé àwọn fẹ́ mú àká ìmọ̀ kan fún wa, ìyẹn ibi ìwádìí orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé-ìkàwé máa ń sanwó ọdún fún kí òǹkàwé lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti àìsàn, ìtọ́jú ara àti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Èkejì jẹ́ ti okòwò òkè òkun. Wọ́n ṣí méjèèjì fún oṣù kan ká fi dán wọn wò. Èyí tí èèyàn bá lò jù ni wọn yóò mú.

Ẹ wá wo ilé-ìkàwé wa lóṣù yẹn! Ngozi, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nítòsí wa, ló máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, torí òun ló ti parí sẹ́kọ́ńdìrì. Àwọn yòókù á dúró sẹ́yìn rẹ̀, èjìká mọ́ èjìká. Á kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, á tú u sí Píjìn, èmi náà á tú u sí Yorùbá fún àwọn àgbà. Ariwo wa! Ṣé ilé-ìkàwé rèé àbí ọjà? Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Bàbá Ràímì ló máa ń pẹ́ jù níbẹ̀. Alábàárù ni ní wọ́ọ̀fù, ìyẹn èbúté ọkọ̀ òkun, símẹ́ǹtì ló ń gbé, ikọ́ sì ń bá a fínra. Lọ́jọ́ tí Ngozi ka ohun tí eruku símẹ́ǹtì ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró, baba sún mọ́ ẹ̀yìn àga rẹ̀.

“Ngozi, ọmọ mi, abẹ́gì, tún un kà.”

Ẹnì kan fi í ṣẹ̀fẹ̀ látẹ̀yìn: “Baba, no be exam o!”

“Àyà tìrẹ kọ́ ló ń dùn ẹ́. Jẹ́ kó kà á!”

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òfin ní kí ẹni tó gbà á síṣẹ́ tọ́jú òun. A bẹ̀rẹ̀ apá yẹn, a ò tíì kà á tán tí oṣù fi pé.

Ó wá kan ìpàdé. Àpápá GRA la ti ṣe é, nínú yàrá kan tí éàkọ́ńdíṣọ̀n fẹ́ fi òtútù pa mí. Ìyáàfin Adéọlá, tó ń bójú tó ẹ̀ka ti ibẹ̀, ló ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn wọlé sórí àká ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwọn, oníkálùkù ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀, okòwò sì ni wọ́n ń wò. Lọ́dọ̀ tiwa, bí Ngozi bá ti wọlé sórí ti àìsàn láàárọ̀, a kì í jáde títí dìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ sì ka gbogbo wa sí ẹnì kan.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Màmá Àjégúnlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lóòjọ́? Àbí kí n yá yín lóǹkàwé ni?”

Mo ní èrò wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ó ní ẹni tó dúró lẹ́yìn àga kò wọlé. Kí ló dé tí mi ò ní kí wọ́n máa jáde, kí wọ́n tún máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ gbọ́ o! Ta ló ń jáde nínú yàrá tó ti wà, kó ṣáà lè tún un wọ̀? Mo ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Ó wo bàtà rẹ̀, ó ní potopoto ibẹ̀ kò mọ bàtà olówó. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan ọ̀gá. Èmi tí mo kàwé jù ú lọ! Okòwò ni wọ́n mú.

Ìyáàfin Adéọlá, bí ẹ bá ń ka èyí lórí fóònù yín, ẹ kú ìjókòó o. Mo gbọ́ pé wọ́n fi yín jọ̀gá lẹ́yìn náà.

Bàbá Ràímì kò mọ̀ nípa ìpàdé kankan. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti kírun tán, á yà lọ́dọ̀ mi. “Màdáàmù, ṣé wọ́n ti ṣí i?” Màá ní rárá, Bàbá. Mo wá a níbòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí mo bá dé, wọ́n á ní kí n sanwó. Á jókòó díẹ̀, á húkọ́, á lọ.

Ìgbà ìkẹyìn tó wá, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní, “Bí wọ́n bá ṣí i, ẹ bá mi ka èyí tó kù sókè, bí mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀.”

Kò wá mọ́. Mi ò mọ ilé rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ilé mi sì dákẹ́. Ariwo àwọn èèyàn yẹn ni ọkàn mi ń fà sí, àfi bí ẹni pé ebi ń pa mí.

Ohun tí mo kọ́ rèé: bí ẹ bá fẹ́ mọ iye òǹkàwé, ẹ má wo ẹni tó jókòó nìkan, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló kàwé sókè fún yín rí? Ẹ̀yìn ta lẹ dúró sí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èmi nìkan ni mo wà nílé, àmọ́ màá kà á sókè.