Pèrègún Bàbá Mi Lójú Ọ̀nà Iná

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi dágbére fún ìyàwó mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo wọ ọkọ̀ Èkó. Àbúrò mi, Àbẹ̀kẹ́, tó ń ṣe búrẹ́dì ní Agége, ló fi ẹkún pè mí: àwọn tó ń la ọ̀nà fún wáyà iná ńlá tuntun, èyí tí ará Èkó ń pè ní háítẹ́ńṣàn, ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ilé búrẹ́dì rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wáyà yóò gbà. Ilé náà gbọ́dọ̀ wó.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo san dé Ìkẹjà. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ń bú ramúramù níbẹ̀ láti àárọ̀; lọ́dọ̀ tiwa, bí iná bá lọ, ohùn ẹyẹ là ń gbọ́. Mo mọ̀ nígbà náà pé Èkó nílò iná, pé wáyà tuntun yìí kì í ṣe ọ̀tá.

Kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ dé Agége.

“Baba, ẹ di fìlà yín mú o! Ọ̀nà yìí a máa ṣí fìlà ọba.”

“Abetí-ajá ni, ọmọ mi. Ajá kì í fi olówó rẹ̀ sílẹ̀.”

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí a fi dé ẹnu ọ̀nà àbúrò mi. Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, iná tí mo ń fi ààwẹ̀ tọrọ, orí ààrò mi ló fẹ́ gbà wọlé!”

Ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀, obìnrin kan tó dé akoto, tẹ́ àwòrán sílẹ̀ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìlà wáyà náà ń bọ̀ ṣánṣán láti Ìkẹjà. Ó dé ilẹ̀ bàbá wa tó ṣófo lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, ó ṣẹ́rí, ó gun orí ààrò. Mo béèrè ìdí.

“Ojúbọ ló wà níbẹ̀, Baba. Ẹ ò rí pèrègún ni? A ò fẹ́ tẹ ojúbọ onílẹ̀ mọ́lẹ̀.”

Ẹ̀rín pa mí. Pèrègún la fi ń pààlà ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, bàbá wa ló sì gbìn wọ́n síbẹ̀! Èkó ti fi òpó síméńtì rọ́pò rẹ̀, ó sì gbàgbé ẹlẹ́rìí àgbà. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi. Mo ka ogún ìṣísẹ̀ láti ìdí pèrègún kan, mo bá òmíràn. Ogún mìíràn, òmíràn tún rèé.

“Ọmọ mi, òrìṣà wo ló ń tò bí ọmọ ilé-ìwé?”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà fọwọ́ borí. “Ààlà ni lóòótọ́! À bá ti bi yín ká tó kun ọ̀dà. Ṣùgbọ́n Baba, bí a bá gba ibí, ẹnikẹ́ni ò ní lè kọ́lé síbẹ̀ mọ́ o.”

Olórí ẹbí ló lè dáhùn ìyẹn, èmi sì ni olórí ẹbí. “Ẹ gbà á. Ilẹ̀ tó sùn láti ọjọ́ tí bàbá wa ti sùn kò sàn ju ààrò tó ń bọ́ àdúgbò.”

Ọ̀gá náà fa ìlà tuntun, ìlà náà tọ́ gbọnrangandan. Àbẹ̀kẹ́ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti gbé kẹrosíìnì àti kànìnkànìn, ó ń ha ọ̀dà pupa bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò.

Lójú ọ̀nà àbọ̀ ni ó yé mi pé ẹnu àgbà tó gbin ààlà kì í dí. Alààyè ni kò gbọdọ̀ gbàgbé èdè rẹ̀. Mo délé kí oòrùn tó wọ̀, búrẹ́dì mẹ́ta ní abíyá.

“Ṣé wọn ò wó o?” ìyàwó mi béèrè.

“Wọn ò wó o. A rí ẹlẹ́rìí.”

“Ta ni?”

“Bàbá mi.”

Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn ọ̀nà ti pa. Mo kọ́kọ́ bu búrẹ́dì fún un ná.