Ẹni Tó Jókòó sí Àyè Mi Nínú Mọ́tò Eléruku

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá máa rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìtàn tí ẹnìkan gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan. Ojú mi ló rí i, ojú méjèèjì, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn dúró láàrin orí. N kò mu ẹmu lọ́jọ́ náà. N kì í tiẹ̀ ṣe ẹni tó ń mu ẹmu.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàdàn ìsinsìnyí kò lè mọ bó ṣe rí nígbà náà. Rélùwéè ti dé, àwọn òyìnbó ìjọba ti wà ní Àgọ́dí, ṣùgbọ́n mọ́tò ò tíì wọ́pọ̀. Bí ọ̀kan bá gba ìsàlẹ̀ Mápó kọjá, àwọn ọmọdé á sá tẹ̀lé e, ewúrẹ́ á fọ́nká, àwọn ìyá arúgbó á sì máa ṣẹ́ èpè fún ẹni tó wà nínú ẹ̀.

Eléruku ló ń gba èpè jù. Orúkọ tí àwọn ará Ọjà'ba sọ òyìnbó náà nìyẹn, nítorí pé eruku nìkan ni wọ́n máa ń rí nígbà tó bá ti kọjá. Faransé ni, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ kan tó ń ra èkùrọ́ ló mú un wá láti máa bójú tó mọ́tò wọn. Ó tín-ín-rín, irunmú rẹ̀ ti ń funfun, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí gbọ́, ní gbogbo ìgbà tí mo fi bá a ṣiṣẹ́, n kò rí eyín rẹ̀ àfi ẹ̀ẹ̀kan péré. Màá débẹ̀.

Irin kan ṣẹ́ lábẹ́ mọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e wá sí àgbẹ̀dẹ wa. Bàbá mi ní irin òyìnbó, irin náà ni, ó sì ní kí n rọ ọ́. Eléruku fi ẹsẹ̀ tẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi wò, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n wá máa bá òun jókòó nínú mọ́tò.

Jókòó! Ẹ ó rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ kò dà bíi ti àwọn òyìnbó yòókù. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, ìjókòó méjì péré ló wà níbẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tó gùn bí pósí. Ẹni tó ń wà á kò gbọdọ̀ mú ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn bó bá ti ń sáré. Ẹni tó jókòó tì í ló ń fi ọwọ́ fa pọ́ńpù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, òun ló ń gbé ọ́ìlì dé inú ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá fà á, èéfín aláwọ̀ aró á tú jáde lẹ́yìn. Bí n kò bá fà á, irin á máa jẹ irin, mọ́tò á sì kú sójú ọ̀nà kí ó tó rìn jìnnà.

Iṣẹ́ mi kejì ni kí n máa bojú wẹ̀yìn. Bí ohunkóhun tó yára jù wá lọ bá ń bọ̀, kí n fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, kí ó lè yà fún un.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló lè yára jù wá lọ ní Ìbàdàn yìí?"

Ó ní kí n ṣáà máa bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ kan tí òjò sé wa mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Òkè Bọ́lá ló tó sọ ìtàn ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò já gaara, tèmi tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Kúdẹtì kò tó ìdajì, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé. Iṣẹ́ tó ń ṣe nílé ni kí ó máa fi mọ́tò sáré ìje. Àwọn ọkùnrin á gbéra láti ìlú kan, wọ́n á máa lé ara wọn lọ sí ìlú mìíràn tó jìnnà réré, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, òun ni ọba wọn. Ó gba ife fàdákà, ó gba ti wúrà. Àwọn obìnrin ń ju òdòdó lù ú. Bó bá wọ ilé oúnjẹ, gbogbo ènìyàn á dìde.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti kékeré ló ń jókòó tì í, tó ń fa pọ́ńpù, tó ń bojú wẹ̀yìn. Nínú ìje kan, ọ̀rẹ́ yìí fọwọ́ kàn án léjìká. Ẹnìkan fẹ́ kọjá. Eléruku kò yà. Ó tún fọwọ́ kàn án. Kò yà, ìgbéraga kò jẹ́. Mọ́tò méjèèjì fara kanra, tiwọn sì yí gbiri wọ inú oko. Eléruku jáde láìní ọgbẹ́ kan. Abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ, òkú.

Ó tún mọ́tò ṣe, ó fẹ́ padà sẹ́nu ìje, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó máa bá a jókòó mọ́. Nígbà tó sú u, ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ wa.

Mo ní, "Mọ́tò yẹn ńkọ́, ọ̀gá?"

Ó na ọwọ́ sí èyí tó wà níwájú wa. "Òun nìyí."

Ara mi bù máṣọ. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi, tó wà nínú oyún àkọ́bí wa nígbà náà. Ó gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àyè òkú ni wọ́n ń gbé yín jókòó sí. Ẹ dákun, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní ṣé òkú Faransé máa wọ ọkọ̀ wá sí Ìbàdàn ni? Ó ní òkú kì í san owó ọkọ̀. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. A kúrò ní Òkè Bọ́lá, à ń lọ sí ibùdó kan tí wọ́n ti ń ra èkùrọ́ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Oòrùn mú, ọ̀nà dá páropáro, kò sí ẹni tó ń rìn. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í jẹ́ kí ọmọ máa rìn kiri lọ́sàn-án gangan. Wọn ò sọ ọ́ lásán.

A ń sún mọ́ Mọ́lété nígbà tí ọwọ́ kan bà lé mi léjìká.

Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ìka ènìyàn ni, mo mọ̀ wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tutù, wọ́n sì rọra tẹ̀ mí gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe máa ń tẹ Eléruku. Mo wo Eléruku. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn. Mo bojú wẹ̀yìn, iṣẹ́ mi ni. Eruku nìkan ni mo rí.

Ọwọ́ náà tún bà lé mi.

Eléruku rí ojú mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti mọ̀. Ó rọra dá mọ́tò dúró sábẹ́ igi kan.

Ó bi mí léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó ti kàn ọ́?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́ jókòó."

Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ó yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi mọ́tò náà sílẹ̀ síbí, ká fẹsẹ̀ rìn lọ sílé."

Ó yọ ọwọ́ mi kúrò lára aṣọ rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ó fọwọ́ kàn mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò dá a lóhùn."

Mo sọ̀kalẹ̀. Kí ẹsẹ̀ mi kejì tó kan ilẹ̀, awọ ìjókòó tí mo dìde lórí rẹ̀ tẹ̀ wọlé, bó ṣe máa ń tẹ̀ wọlé nígbà tí ènìyàn bá jókòó. Kò sí ẹnìkan lórí rẹ̀.

Mọ́tò gbéra. Mo dúró láàrin ọ̀nà, mo ń retí kí ó kú, nítorí pé kò sí ẹni tó máa fa pọ́ńpù. Mo ní bó bá kú, màá sáré lọ bá a, màá fi agídí wọ́ ọ̀gá mi wálé.

Ìgbà náà ni mo rí i. Èéfín aláwọ̀ aró tú jáde lẹ́yìn mọ́tò. Ó dáwọ́ dúró díẹ̀. Ó tún tú jáde. Ẹnìkan ń fa pọ́ńpù náà, ó sì mọ̀ ọ́n fà jù mí lọ.

Eléruku yíjú sí ìjókòó tó ṣófo, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo rí eyín rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run," mi ò rántí ohun tó kàn. Mo bá ké pe Ògún bàbá mi. Mọ́tò ti yí kọ́nà lọ síhà afárá pákó tó wà níwájú. Mo gbọ́ ariwo irin, mo gbọ́ omi, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹyẹ pàápàá kò ké.

Mo sá wọ igbó. N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó nínú ahéré tí mo bọ́ sí. Ìgbà tí ara mi wálẹ̀ díẹ̀ ni mo tó gba ọ̀nà oko wá sílé.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ Mápó, mo kí obìnrin kan tí a jọ ń gbé àdúgbò. Ó ju igbá orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sá. Ní Bẹẹrẹ, ọmọ kékeré kan ń bọ̀ wá dì mọ́ mi, ìyá rẹ̀ fà á wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ilé wa ni mo ń gbọ́ ẹkún. Ẹ ti gbọ́ kí wọ́n máa fi oríkì yín sunkún yín rí? Ẹ má gbàdúrà kí ẹ gbọ́ ọ.

Mo kan ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó mi. Mo ní, "Èmi ni. Ṣílẹ̀kùn."

Ẹkún dá. Ó sọ̀rọ̀ láti inú, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ọkọ mi, ẹ máa lọ. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ máa bá wọn jẹ. Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ tó wà nínú mi."

Bàbá mi ló gbà mí. Ó ti inú àgbẹ̀dẹ jáde, ó fi ẹ̀mú gbé irin gbígbóná, ó sì fi í kàn mí lápá. Igbe tí mo ké, wọ́n gbọ́ ọ ní Ọjà'ba. Apá mi wú, ó ṣomi; ara òkú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi.

Mo rò pé ó tán. Ní ìrọ̀lẹ́, olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ọ̀nà ṣe wá bá bàbá mi kẹ́dùn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ mí lórúkọ. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lẹ́bàá afárá náà nígbà tí mọ́tò já sínú odò, àwọn ló sì gbé ìròyìn wá sílé. Nígbà tó rí mi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

Mo ṣàlàyé fún un pé mo ti sọ̀kalẹ̀ ní Mọ́lété. Mo ní òyìnbó nìkan ló wà nínú mọ́tò.

Ó mi orí pé rárá. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹni méjì ni wọ́n. Ìwọ lo jókòó tì í. Mo mọ ojú rẹ bí mo ṣe mọ ti ọmọ mi. O bojú wẹ̀yìn, o sì wò mí."

Wọ́n gbé òkú Eléruku jáde nínú odò, wọ́n sì sin ín. Wọ́n wá ẹnìkejì títí, wọ́n fi igi wá ìsàlẹ̀ odò, wọ́n tẹ̀lé odò náà dé ibi tí ó ti fẹ̀. Wọn ò rí i. Ọ̀rẹ́ bàbá mi yẹn kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà títí ó fi kú, kò sì tún bá mi jẹun nínú abọ́ kan náà.

Ìyàwó mi bímọ ní àlàáfíà. Ó gbà mí wọlé, ó ń se oúnjẹ fún mi, a sì tún bí ọmọ mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n rìn lẹ́yìn òun lójú ọ̀nà. Bí a bá ń lọ sí ọjà, ó ní kí n máa ṣíwájú. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe béèrè mọ́.

Nítorí náà, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ọwọ́ tí ẹ kò rí bá kàn yín léjìká lọ́sàn-án gangan, ẹ má ṣe agídí. Ẹ dìde fún ẹni tó ni àyè náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ ṣe ohun tí èmi ò ṣe: ẹ bẹ̀rẹ̀ wo orí ìjókòó náà dáadáa, kí ẹ rí i dájú pé ẹ ò fi nǹkan kan lára yín sílẹ̀ níbẹ̀.