Apá Kìíní ní Faransé, Apá Kejì ní Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́ mi ní géèmù, òun náà ló sì fi géèmù sọ mí di ẹlẹ́yà. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí. Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, òun àti bàbá rẹ̀ a wá sílé ní Èjìgbò, ilé wa a sì kún fún Faransé. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é, n kì í sì í sọ pé "ìwọ" sí i.

Ọdún tí mo ń múra fún ìdánwò àṣekágbá girama ló gbé ẹ̀rọ géèmù kan bọ̀. Nínú géèmù tó wà nínú rẹ̀, ọmọ aráyé ti ṣí kúrò láyé yìí, wọ́n ti tẹ̀dó sáàárín àwọn ìràwọ̀, ìwọ sì ni ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń rìn láti ayé kan sí òmíràn. O ní èèyàn lábẹ́ rẹ: awakọ̀ kan tó lẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, sójà kan, àti dókítà obìnrin kan. Wọ́n á bá ọ sọ̀rọ̀, ìdáhùn bíi mélòó kan á jáde sísàlẹ̀ tẹlifíṣàn kí o mú ọ̀kan. Ibi tí o bá mú ni ìtàn á gbà. Bí o bá ṣì í mú, èèyàn rẹ lè kú, kò sì ní jí mọ́.

Faransé ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Èmi ò gbọ́ ju "bonjour" lọ.

"Má da ara rẹ láàmú," bọ̀ọ̀dá mi wí. "Ìwọ di páàdì mú, èmi á jókòó tì ọ́, màá máa túmọ̀ fún ọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jókòó lọ́sàn-án, tí eruku ọyẹ́ ń bà sójú tẹlifíṣàn, tí mò ń fi etí aṣọ mi nù ún. Ìyá mi, tó jẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a kọjá lọ, a bojú wo wá, a ní, "Ẹ ò tíì dé ọ̀run síbẹ̀?"

Dókítà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń wo àwọn awakùsà sàn ní ayé kan tí oòrùn ò ti í là, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ìwakùsà náà ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lágídí bí ìyá mi. Nígbà tí géèmù ku díẹ̀ kó parí, dókítà náà dúró níwájú mi nínú yàrá kan, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá.

"Kí ló wí, bọ̀ọ̀dá?"

"Ó ní kí o ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn kí òun lè ráyè sá. Mú ti ìsàlẹ̀ pátápátá."

Mo mú un. Ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ọkùnrin aláṣọ dúdú wọlé, wọ́n sì mú obìnrin náà lọ́wọ́.

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Ará ilé rẹ̀ ni. Wọ́n wá mú un lọ sílé. O ti gbà á là."

Kí wọ́n tó wọ́ ọ jáde, dókítà náà yíjú padà, ó wò mí, ó sì sọ gbólóhùn kan. Bọ̀ọ̀dá mi ní ọpẹ́ ló ń dú. Omi bọ́ lójú mi. Òun náà fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún la jọ ń sun.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àánú níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo sọ ìtàn dókítà náà. Mo sọ bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn fún un, bí ó ṣe dúpẹ́, ohùn mi sì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá mi jókòó sẹ́yìn, ó na fóònù rẹ̀ sókè, ó ń ká mi sílẹ̀. Inú mi dùn pé ó ká a sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Àbíjàn, ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún mi. Mo dúpẹ́ títí.

Mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìsundúnrin, bá mi rí apá kejì géèmù náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe èyí. Mo gbé e wálé lọ́jọ́ tí iná dúró dáadáa. Àwòrán rẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun ojú wọn. Ṣùgbọ́n ó yá jù. Nínú apá kìíní, o lè rìn káàkiri inú ọkọ̀ lásán, kí o dúró ti awakọ̀ kó máa ròyìn ọmọ rẹ̀ fún ọ. Nínú apá kejì, kí o tó jókòó, ìbọn ti ń dún. Àwọn tó ń ta géèmù máa ń sọ pé kejì ló dáa jù. Èmi ò gbà. Ohun kan ṣoṣo ni kejì fi ju ìkíní lọ: kò ní ìgbàgbé. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ tú inú ẹ̀rọ wò, ó wo gbogbo ohun tí o ṣe nínú apá kìíní, ó sì ń bá ọ ṣírò rẹ̀.

Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ pàdé mi nínú rẹ̀, ó na ìbọn sí mi. Ó ní àbúrò dókítà lòun. Ó ní èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó pa ẹ̀gbọ́n òun, pé àwọn awakùsà tí ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀ kú tẹ̀ lé e.

Mo rò pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Mo tún padà sí apá kìíní, mo dojú fóònù mi kọ tẹlifíṣàn kó máa túmọ̀ Faransé náà fún mi. Irọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irọ́ ni bọ̀ọ̀dá mi ń pa. Dókítà ò ní kí n ṣílẹ̀kùn. Ńṣe ló ń bẹ̀ mí pé kí n má ṣí i. Gbólóhùn tí mo sunkún sí, ohun tó wí ni pé, "Ìwọ ni mo fọkàn tán."

Mo pe àbúrò bọ̀ọ̀dá mi obìnrin ní Àbíjàn. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. "Háà, àǹtí mi, ọ̀rọ̀ dókítà? Fídíò ìwàásù yín ṣì wà níbí. Bí àlejò bá ti wá, bọ̀ọ̀dá á gbé e jáde fún wọn, á máa túmọ̀ ẹ̀ sí Faransé."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo nu ẹ̀rọ náà mọ́, mo fi aṣọ bò ó, mo sì ń dúró de Kérésì.

Ó wá. Ó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dání lọ́dún náà, ọmọbìnrin ará ìlú Ọlà kan tí àwọn òbí rẹ̀ tọ́ dàgbà ní Àbíjàn. Bó ṣe rí apá kejì lórí tábìlì, ó pariwo. "Mo ti wá èyí títí!" Ó kọjú sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó ní kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Wá jókòó tì mí," ó wí fún mi. "Máa túmọ̀ ẹ̀."

"Ẹ má ṣèyọnu, bọ̀ọ̀dá. Ẹ di páàdì mú."

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àbúrò dókítà tí mo fò kọjá, òótọ́ ni mo kọ́kọ́ ń sọ, kó lè gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ràn jù. Nígbà tí ó kan ẹni tí yóò gba inú iná kọjá, awakọ̀ ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Mo ní, "Ó ní òun mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa." Ó rán an. Awakọ̀ jóná. "Kí ló dé?" bọ̀ọ̀dá mi kígbe. Mo ní àyànmọ́ rẹ̀ ni. Sójà tẹ̀ lé e. Mo rọra ń pa wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dùn mọ́ mi. Níkẹyìn, àwọn ọ̀tá ní kó fọwọ́ sí i pé òun ta ọkọ̀ òun fún wọn. Mo ní, "Wọ́n fẹ́ fi yín joyè." Ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ ọdún tuntun la fi ìparí rẹ̀ sí. Ó ní kí gbogbo ilé wá wo ìwúyè òun. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga ńlá, àfẹ́sọ́nà ń ya fídíò. Nínú géèmù, wọ́n mú un wá síwájú ògiri gíga kan, orúkọ rẹ̀ jáde gàdàgbà, ọ̀pọ̀ èèyàn ń pariwo. Bọ̀ọ̀dá mi dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Mo dìde lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣàn ní Yorùbá, kíkan kíkan: "Ọ̀dàlẹ̀ nìyí. Ó pa àwọn èèyàn rẹ̀, ó ta ọkọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á sílé."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó yíjú sí mi.

"O mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é?"

"Dókítà ní kí n kí yín, bọ̀ọ̀dá."

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ bèèrè dókítà wo, mo sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, títí kan fídíò ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́. Ó ní, "Ọmọ yìí gbà á padà lára rẹ!" Àfẹ́sọ́nà náà ń rẹ́rìn-ín, fóònù rẹ̀ sì ń ká a sílẹ̀ lọ. Èyí ló dùn ún jù. Mo rí i.

Ìyá mi pè mí sí yàrá. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Lọ kúnlẹ̀."

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bọ̀ọ̀dá mi. Ó ní ó ti tán, ó fà mí dìde, kò sì lè wò mí lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mo bá wọn gbé ẹrù dé ìdí mọ́tò Àbíjàn, mo sì dúró títí mọ́tò fi gbéra. Ìyá mi ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé mo ti ronú pìwà dà. Irọ́. Mo kàn fẹ́ rí ojú bọ̀ọ̀dá mi dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i ni.