Bronka àti Ìdajì Ọlẹ̀ Eku

Ọmọ aránṣọ ni Bronka Wrzosek, ará ìlú Łódź ní Poland. Ogun gba bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gba agídí tí ó jogún lọ́wọ́ rẹ̀. Agídí yìí ló gbé e dé ilé ìwádìí kan ní Warsaw, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọlẹ̀ eku.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kulesza, ọ̀gá rẹ̀, gbà pé bí ọlẹ̀ bá ti pín sí sẹ́ẹ̀lì méjì, ìdajì ara ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dà. Bronka ní kò rí bẹ́ẹ̀: bí èèyàn bá pa ọ̀kan, èyí tó kù yóò di odindi eku. Ọ̀gá fún un láyè di ìgbà ìrúwé. Bí kò bá rí eku kan fi hàn, kó padà sídìí iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò gba ẹ̀rín. Ẹnu ni wọ́n fi ń fa ọlẹ̀ sínú ọ̀pá dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, kí wọ́n tó gbé e sínú eku alágbàtọ́ tí yóò bí i. Lọ́jọ́ kan, ọ̀pá wà lẹ́nu Bronka nígbà tí Teofil, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní ológbò ilé ti ń dẹnu ìfẹ́ kọ fìlà onírun ọ̀gá. Ẹ̀rín gbọn Bronka, ó fa ọ̀pá náà ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ọlẹ̀ bá ọ̀nà ọ̀fun lọ.

"Ìyáàfin Bronka, ẹ kú oríire o!" ni Teofil wí. "Ẹ ti lóyún eku. Ṣé kí n bá yín wá kùkúḿbà kíkan tí aboyún máa ń fẹ́?"

"Ẹnu ẹ á bó! Jáde níbí!"

Bronka fi omi fọ ẹnu, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Teofil síta, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi abẹ́rẹ́ dígí gún sẹ́ẹ̀lì kan pa nínú méjì, ó ń gbé ìyókù sínú eku funfun. Ọ̀pọ̀ ṣègbé. Kò dáwọ́ dúró.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́, eku funfun kan bí ọmọ kan ṣoṣo. Ó kéré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀, etí àti ìrù rẹ̀ pé. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ọmọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni eku yìí bí."

"Rárá, ọ̀gá. Ojú ọmọ eku funfun kì í dúdú. Ẹ wo eléyìí." Dúdú ń hàn lábẹ́ ìpéǹpéjú ọmọ náà. "Ara eku dúdú ni mo ti mú ọlẹ̀ rẹ̀."

Kulesza nàró. "Ó dáa, Ìyáàfin Bronka. Ẹ máa bá eku yín lọ."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá."

Bronka ti padà sídìí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọlẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti pín sí mẹ́rin. Ó mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa mẹ́ta.