Àìsàn Tó Gba Ẹnu Ṣáwà Wọlé

Abẹ́ ṣáwà ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ohùn màmá mi nínú páìpù. Wọ́n pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, orúkọ tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló fi ń pè mí. Ó ti pẹ́ tí màmá mi ti ṣaláìsí ní Ìwó. Mo pa omi, ohùn náà dákẹ́. Mo ṣí i padà, wọ́n tún pè mí. Ẹ̀rù ò bà mí rárá. Mo ní, "Mà, mò ń bọ̀."

Ráfíù, ọkọ mi, gbọ́ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Màmá ni."

Ó wọlé, ó gbọ́wọ́ lé iwájú orí mi, ó sì yára fà á kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò lórí iná. Ojú ẹsẹ̀ ló pe áńbúláǹsì.

Ṣáájú ọjọ́ náà, orí ti ń fọ́ mi, gbogbo ara ń ro mí, mo sì ń wú ikọ́ gbígbẹ. Ilé ìdáná iléèwé kan ní New Cross, nílùú òyìnbó níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé ọ̀fìnkìn àwọn ọmọdé ló ràn mí. Panadó ni mo ń gbé mì.

Omi ilé wa pàápàá ti ń ṣe bákan. Fúláàtì àwọn káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, là ń gbé, lẹ́yìn òpópónà Rye Lane. Ẹ̀rọ omi tútù a máa yọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ti gbígbóná kì í gbóná délẹ̀. Bí a bá ṣí ṣáwà, á kọ́kọ́ mí hẹ̀ẹ̀, bí ẹni tí a jí lójú oorun, kó tó pọ omi pupa rúsúrúsú jáde. A fẹjọ́ sùn títí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nílé lọ́hùn-ún, ní Ìwó, a máa ń se omi ká tó mu ún. Níbí, a fọkàn tán an.

Ní ọsibítù, bí mo bá mí sínú, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. A jókòó pẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì tó yọ. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mo rí àwọn èèyàn kan ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, tí omi ń kán tótó lára irun wọn. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ló dé tí wọn ò fún wọn ní táwẹ́ẹ̀lì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ pe dókítà.

Fọ́tò àyà fi hàn pé òtútù àyà ni: omi àti ọyún ti dí apá kan ẹ̀dọ̀fóró mi. Dókítà wá yíjú sí Ráfíù, ó ní, "Báwo ni omi ilé yín ṣe rí?"

Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n sì rí i. Legionnaires ni wọ́n ń pe àrùn náà. Kòkòrò tó ń fà á máa ń bí sí i nínú omi tó dúró sójú kan, tí kò gbóná, tí kò tutù. Kì í sábà wọ ara ẹni tó mu omi náà. Inú ìkùukùu ṣáwà ló wà, èèyàn á sì fà á símú. Ó lè da ọpọlọ rú, kí aláìsàn máa rí ohun tí kò sí. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì.

Ìgbà yẹn ni Ráfíù rántí Bàbá Adétòrò, opókùnrin tó ń dá gbé ní àjà òkè pátápátá, nísàlẹ̀ táńkì omi tí gbogbo ilé ń lò. Kò sẹ́ni tó rí wọn láti ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó pè wọ́n lórí fóònù títí, wọn ò gbé e. Ó sáré lọ sílé, ó kan ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ ṣáwà tó ń dà ṣàà nínú ilé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn èèyàn. Òun àti aládùúgbò kan já ilẹ̀kùn náà.

Bàbá wà nílẹ̀ bálùwẹ̀ tàwọn taṣọ, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ìkùukùu bo gbogbo ibẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹnu ṣáwà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Rọra, ọmọ mi. Ìyàwó mi ní kí n dúró de òun."

Ráfíù pa omi. Ó ní ẹkún tí bàbá bú sí nígbà tí omi dá, òun ò lè gbàgbé rẹ̀. Wọ́n gbé wọn wá sí ọsibítù tí mo wà. Oògùn tó ń pa kòkòrò náà la jọ ń gbà láti ojú iṣan, Ọlọ́run sì dá wa sí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn káńsù tó ṣí táńkì wò. Ìdérí rẹ̀ ti yẹ̀, ìdọ̀tí sì ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi inú ike la ń lò títí wọ́n fi fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì tún ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ṣe.

Kíákíá kọ́ ni ara mi padà. Mo máa ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn, mo sì ń gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń wúkọ́ pẹ̀lú ibà líle, tí ọkàn yín sì ń dàrú, ẹ má fi Panadó bò ó. Ẹ sọ fún dókítà bí omi ilé yín ṣe rí, kódà bí wọn ò bá bi yín.

Tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni èémí mímí. Àfi ìgbà tí mo ní láti wá a bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù sínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo kírun láìjókòó lórí àga, fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo sálámà, tí ìrun parí, mi ò dìde. Mo tún forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo mí sínú, mo mí síta, mo ń dúpẹ́.