Ẹyin Awó àti Ipa Tí Mo Dànù

Ọjọ́ tí mo rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń da ohun tí mò ń wá nù ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Ọjọ́ Sátidé ni, nílé ìyá mi ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lókè òkun tó ń mú kí àwọn èérún bíńtín forí sọra. Èérún tuntun á fọ́n jáde, ọ̀pọ̀ á túká lójú ẹsẹ̀. Èyí tí èmi ń fi kọ̀ǹpútà wá nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ máa ń pẹ́ láyé. Á rìn jìnnà kó tó túká, ibi tó bá túká sí ni ipa rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, n kò rí ọ̀kan ṣoṣo.

Ìyá mi ti oko dé, wọ́n di ẹyin awó sínú ìborùn wọn. Mo pòṣé níwájú kọ̀ǹpútà mi.

“Kúburá, kí ló ń bí ọ nínú?”

Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ìwà awó nìyẹn. Mo kọ́lé fún un, ó ń lọ yé sínú igbó. Ṣé inú igbó lo ti ń wá tìẹ?”

Mo ṣí iṣẹ́ mi. Àṣẹ tí mo fọwọ́ mi kọ fún kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rèé: ipa yòówù tí kò bá bẹ̀rẹ̀ níbi ìforísọra gan-an, ìdọ̀tí ni, dà á nù.

Mo figbe ta. Àfi kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀!

Wọ́n se ẹyin náà fún mi, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń pa àṣẹ náà rẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé láti kékeré, èmi ni ìyá mi máa ń rán lọ wá ẹyin awó, n kò sì wá a sí ilé tí wọ́n kọ́ fún awó rí.